Ṣé oògùn ìtají lè gba ata rodo àti tòmátì lọ́wọ́ òtútù ìlú òyìnbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Leeds ni mo wà, mo ní allotment kékeré kan, ìyẹn ilẹ̀ ọgbà tí mo háyà, àti gíríìn háòsì tí kò ní hítà. Ata rodo, tòmátì, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni mo máa ń gbìn. Lọ́dún tó kọjá mo kó wọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ìrì dídì ò tiẹ̀ bọ́ rárá, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan abẹ́ ewé tòmátì ti di àwọ̀ àlùkò, ewé ata ń pọ́n ó ń já, tẹ̀tẹ̀ dúró sójú kan, ewédú sì kú. Ẹni tó ń ta ọjà ọgbà ní kí n ra seaweed olómi, ìyẹn omi ewé òkun, ọ̀rẹ́ mi kan lórí WhatsApp ní aspirin ni kí n pò mọ́ omi, ẹlòmíì ní gibberellin. Èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn oògùn ìtají wọ̀nyí, ìgbà wo ni kí n sì lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi dùn sí bí ẹ ṣe sọ ohun tí ẹ rí lára ewé kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Ẹ gba ti ṣókí ná: seaweed wúlò díẹ̀, betaine, tí ẹ ò dárúkọ, tí wọ́n ń rí lára beet, ló bá ohun tí ẹ ń wá mu jù lójú tèmi, aspirin ní ẹ̀rí lẹ́yìn àmọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń pò ó ló ń ba ewé jẹ́, gibberellin ẹ má jẹ́ kó kan ewé yín rárá lásìkò òtútù. Gbogbo èyí tó sì wúlò nínú wọn, kí òtútù tó dé ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dúró títí ewé fi rọ kó tó lọ ra ìgò, owó ẹ̀ ló ná dànù.

Ẹ ní ìrì dídì ò bọ́, mo gbà yín gbọ́, torí òtútù oríṣi méjì ló wà. Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni èyí tó ń sọ omi inú ewé di yìnyín, yìnyín yẹn á ya sẹ́ẹ̀lì, tó bá di àárọ̀ ewé á ti dúdú, á rọ̀ wọ̀ọ̀. Èkejì ò nílò yìnyín kankan. Àwọn ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru bí ata, tòmátì, ilá, ewédú àti kùkúḿbà, láti nǹkan bíi dìgírì 12 wálẹ̀ ni ara wọn ti ń dá, bẹ́ẹ̀ kábéèjì àti kale tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣì ń dàgbà. James Lyons ní Amẹ́ríkà kọ àlàyé kan lórí ẹ̀ ní 1973 tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí títí di òní, ó ní inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rá ló wà nínú awọ yẹn. Ẹ wo epo pupa àti òróró ẹ̀pà tí ẹ gbé sí kíṣìnì ní oṣù kìíní, epo pupa á dì gbagidi, òróró á ṣì máa ṣàn. Ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì ata ló súnmọ́ epo pupa, ti kábéèjì súnmọ́ òróró. Tí awọ yẹn bá ti le, ohun tó yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á máa jò síta, iṣẹ́ tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe á dúró.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Gbòǹgbò tó wà nínú ilẹ̀ tútù kì í lè fa omi dáadáa, ìdí nìyẹn tí ewé fi máa ń rọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì rin gbingbin, èèyàn á wá rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún lọ bu omi ẹ̀rọ tó tutù nini dà sí i, á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbòǹgbò tútù yìí náà ni ò lè fa phosphorus, ọ̀kan lára oúnjẹ inú ilẹ̀ tí ewéko nílò, ohun tó sì sọ abẹ́ ewé tòmátì yín di àwọ̀ àlùkò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí i á sáré lọ ra ajílẹ̀ oní-phosphorus, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ó wà nínú ilẹ̀ yín tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ móoru ló kù, àwọ̀ yẹn á sì lọ fúnra ẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn ni oòrùn àárọ̀. Lẹ́yìn òru tó tutù, tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí oòrùn sì yọ gan-an, ewé ń gba ìmọ́lẹ̀ àmọ́ òtútù ò jẹ́ kó lè fi ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe oúnjẹ, agbára tó gbà wá di ohun tó ń ṣe é níkà, ó ń dá oríṣi ọ́síjìn burúkú sílẹ̀ nínú ewé, hydrogen peroxide wà lára wọn, àwọn wọ̀nyí ló ń pa àwọ̀ ewé rẹ́, tó ń jẹ́ kí ewé ata pọ́n kó já. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé ibi tí oògùn ìtají ti ń ran ewéko lọ́wọ́ jù nìyẹn: ó ń jẹ́ kí ewé tètè pèsè ohun tó ń pa ọ́síjìn burúkú yẹn. Kò lè mú ilẹ̀ móoru, kò sì lè sọ ata rodo di kábéèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn ìgò náà. Òfin European Union tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 2019/1009, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 16, 2022, sọ ohun tí wọ́n ń pè ní biostimulant, ìyẹn oògùn ìtají: ohun tó ń ta iṣẹ́ inú ewéko jí, láìka oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ sí, kí ewéko lè lo oúnjẹ dáadáa, tàbí kó lè fara da ìyà ojú ọjọ́, tàbí kí èso ẹ̀ dára sí i. Britain ti jáde nínú EU lóòótọ́, àmọ́ ìtumọ̀ yẹn ni mo fi ń wo gbogbo ìgò tí wọ́n bá gbé wá fún mi. Tí ẹ bá yí ìgò padà tí ẹ rí i pé nitrogen ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ajílẹ̀ lásán ni wọ́n fi orúkọ tuntun tà fún yín, nitrogen púpọ̀ nígbà òtútù sì ń jẹ́ kí ewé rọ̀, kó kún fún omi, òtútù á tètè mú un.

Seaweed tí wọ́n ń tà ní Britain, inú ewé òkun kan tó ń jẹ́ Ascophyllum nodosum ni wọ́n ti ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó wọ́pọ̀ létí òkun Ireland, Scotland àti Norway. Wọ́n ti fi dán ọ̀pọ̀ ewéko wò, ó ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ kí ewéko fara da òtútù àti ọ̀dá díẹ̀. Mo ní díẹ̀ o. Ìgò kan sí ìkejì kì í rí bákan náà, torí bí wọ́n ṣe yọ ọ́ àti àsìkò tí wọ́n ká ewé náà ń yí agbára ẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tí ẹnì kan á fi búra pé ó gba tòmátì òun là tí ẹlòmíì á ní omi lásán ni. Kò wọ́n, kì í sì í pa ewéko tí ẹ bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, torí náà ẹ lè lò ó láti kékeré, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí gbòǹgbò lè lágbára kí ẹ tó kó wọn jáde.

Betaine ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Ara ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò nínú beet ni wọ́n ti ń rí i. Àwọn ewéko kan ń ṣe é fúnra wọn nígbà tí òtútù, iyọ̀ tàbí ọ̀dá bá dé, spinach ń ṣe é, tẹ̀tẹ̀ náà ń ṣe é, àmọ́ tòmátì kì í ṣe é. Ní 2006 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde tí wọ́n ti fún tòmátì ní betaine láti ìta, ewé gbà á, ó gbé e lọ sí ẹnu ibi tó ń rúwé àti ibi tí òdòdó ti fẹ́ yọ, hydrogen peroxide inú ewé dín kù, àwọn tòmátì yẹn sì fara da òtútù ju àwọn tí wọn ò fún lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé ohun tí tòmátì ò ní gan-an ni ẹ ń fún un. Fún tẹ̀tẹ̀ yín, ẹ má fi owó yín ṣòfò, ó ń ṣe ti ẹ̀, ooru ilẹ̀ ni wàhálà tẹ̀tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aspirin, kì í ṣe àhesọ lásán. Tí aspirin bá wọ omi, díẹ̀díẹ̀ ló ń di salicylic acid, ewéko fúnra wọn sì ní salicylic acid nínú, òun ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn pé wàhálà ti dé. Ní 1999 àwọn onímọ̀ kan ní Hungary fi salicylic acid sínú omi àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní ọjọ́ kan kí wọ́n tó gbé e sí òtútù, òtútù ò pa á lára tó bó ṣe yẹ. Ní 2000 ìwádìí míì jáde lórí ẹ̀wà àti tòmátì, aspirin fúnra ẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n lò, wọ́n fara da ooru, òtútù àti ọ̀dá. Ẹ wá gbọ́ o, ìwọ̀n tí wọ́n lò fún ẹ̀wà àti tòmátì yẹn kéré gan-an, nǹkan bíi 18 sí 90 milligram nínú lítà omi kan. Ẹni tó bá ju kóró aspirin onímilligram 300 kan sínú lítà kan ti kọjá ẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ewé lè jóná. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò dandan, kóró 75 kan sí lítà omi kan, tàbí 300 kan sí lítà 4, èyí tó ń yọ́ nínú omi ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi nǹkan bò lára, ẹ kọ́kọ́ fín in sára ewéko kan ṣoṣo kí ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta. Ẹ rántí pé àgbàdo àwọn ará Hungary yẹn, kí òtútù tó dé, iṣẹ́ ewé ẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ nítorí oògùn yẹn. Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ewéko, nítorí náà ẹ ò gbọ́dọ̀ máa fín in léraléra bí ẹni ń lo seaweed. Èmi ò kì í fi ṣe ohun àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ní gibberellin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó gbọ́ pé ó ń mú ewéko dàgbà, òótọ́ sì ni, àmọ́ bó ṣe ń mú un dàgbà ni ìṣòro. Ara kòkòrò olú kan tó ń bá ìrẹsì jà ní Japan ni wọ́n ti rí i, ìrẹsì tó bá kó àrùn yẹn á ga fíofío, á tín-ín-rín, á sì ṣubú. Tí ẹ bá fún ata ní gibberellin kí òtútù tó dé, á na ara, ewé á fẹ́lẹ́, igi á rọ̀, ìyẹn gan-an ni òtútù ń wá. Ewéko tó fẹ́ kojú òtútù, ṣe ló yẹ kó kúrú, kí ewé ẹ̀ nípọn.

Ẹ lè gbọ́ nípa ọ̀kan tó ń jẹ́ epibrassinolide pẹ̀lú, torí àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, inú ike tín-tín ni wọ́n ti ń tà á, tí wọ́n bá gbọ́ pé òtútù ń bọ̀ wọ́n á fín in sí tòmátì àti kùkúḿbà. Ìdílé brassinolide ló wà, tí wọ́n kọ́kọ́ yọ nínú ẹ̀tù òdòdó rape, ohun ọ̀gbìn kan tí wọ́n ń fún òróró lára ẹ̀, ní Amẹ́ríkà ní 1979, ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ sì kéré débi pé àṣìṣe díẹ̀ nínú pípò á yí ohun gbogbo padà. Ó ní ẹ̀rí lẹ́yìn, mi ò ní tàn yín, àmọ́ fún allotment kékeré, betaine tàbí seaweed ti tó, wọ́n ṣeé lò láìbẹ̀rù.

Ó kan ìgbà tí ẹ máa lò ó. Ẹ máa wo ojú ọjọ́ lórí fóònù yín lálaalẹ́ láti ìparí oṣù kẹrin. Tí wọ́n bá ní òru ọ̀túnla á já sí dìgírì 8 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, ẹ fín in ní òní tàbí ní àárọ̀ ọ̀la, kó ku nǹkan bíi ọjọ́ kan sí méjì. Àárọ̀ ló dáa jù, nígbà tí ewé ti móoru díẹ̀ tí àwọn ihò kéékèèké abẹ́ ẹ̀ sì ti ṣí, torí ibẹ̀ náà ni díẹ̀ lára ẹ̀ ń gbà wọlé, kí ewé sì lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, ewé tó rin di òru tútù ń pe olú. Abẹ́ ewé ni kí ẹ fín ju orí ẹ̀ lọ. Omi tí ẹ fẹ́ fi pò ó, ẹ gbé e sínú ilé di ọjọ́ kejì kó lè bọ́ lọ́wọ́ òtútù. Fífín kan máa ń ran ewéko lọ́wọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn ẹ̀ ò ní púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹ tún un ṣe tí òtútù míì bá ń bọ̀. Tí òtútù bá ti wà lórí ewéko, ẹ má fín ohunkóhun, kò ní wọlé, ẹ kàn máa fi omi tútù bo ewé tó ń ṣàìsàn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ìgò kankan, ẹ ra tẹmómítà tó ń fi èyí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù hàn, ẹ gbé e sínú gíríìn háòsì yẹn ní ìwọ̀n gíga ewé. Gíríìn háòsì tí kò ní hítà, lóru kì í fi bẹ́ẹ̀ móoru ju ìta lọ, ọ̀sán ló ń móoru, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ èyí. Òtútù tí wọ́n sì ń kà lórí rédíò, ní mítà 1.25 sókè ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́, tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́, wọ́n lè ní dìgírì 3 kí yìnyín ti bo ilẹ̀ níbi tí tẹ̀tẹ̀ yín wà. Lẹ́yìn tẹmómítà, aṣọ fleece, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ọ̀gbìn, ẹ bò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kí ooru ilẹ̀ tó lọ tán, ẹ ṣí i ní àárọ̀, àmọ́ tí òru bá tutù gan-an tí oòrùn sì yọ, ẹ jẹ́ kó wà lórí wọn di nǹkan bí aago mẹ́wàá kó lè ṣíji bò wọ́n díẹ̀, ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa oòrùn àárọ̀. Ike omi ńlá tí ẹ kùn ní dúdú, tí ẹ tò sí àárín àwọn ìkòkò ata, á gba ooru lọ́sàn-án á sì máa tú u sílẹ̀ lóru.

Kíkó wọn jáde díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni. Wákàtí mélòó kan lọ́sàn-án níbi tí ò sí atẹ́gùn, ẹ kó wọn wọlé, ẹ fi kún un lójoojúmọ́, ẹ dín omi kù, ẹ má fún wọn ní nitrogen, ajílẹ̀ tí potassium pọ̀ nínú ẹ̀ bíi ti tòmátì ló dáa, ìdajì ìwọ̀n. Òtútù kékeré tí kò pa á yẹn ń jẹ́ kí ewéko pèsè ara ẹ̀ ju bí oògùn kankan ṣe lè ṣe lọ, tí ẹ bá wá fi betaine kún un ni ẹ ó rí iṣẹ́ betaine gan-an. Lórí ewéko tó ti inú ilé bọ́ sí ìta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò tíì rí oògùn tó gbà á. Tó bá sì ti já sí odo dìgírì fún ata rodo, ọ̀rọ̀ oògùn ti parí, ẹ gbé e wọlé.

Ẹ̀gbọ́n míì tó wà ní Jos ti bi mí nípa èyí rí, torí ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, lásìkò ọyẹ́ òru lè já sí dìgírì 10 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Níbẹ̀, gbígbẹ atẹ́gùn ló ń dá kún un, ewé ń pàdánù omi tí gbòǹgbò tútù ò lè dá padà, torí náà ohun tí ń gba atẹ́gùn dúró àti koríko gbígbẹ tí a tẹ́ sí ìdí ewéko ló ń ṣe gudugudu méje níbẹ̀, seaweed á wá tẹ̀ lé e. Ti Leeds, ilẹ̀ tútù tó rin ni wàhálà ẹ̀, kí ẹ gbin sínú ìkòkò tàbí sórí ebè tó ga ló dáa.

Èyí tí òtútù ti mú, ẹ má sáré gé e. Ẹ ṣíji bò ó lọ́wọ́ oòrùn fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta, ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí ìdí ẹ̀, ẹ wò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó mọ ibi tó kú àti ibi tó yè, torí ẹnu tó ń rúwé máa ń yè nígbà míì tí gbogbo ewé ìsàlẹ̀ bá lọ. Tí òru bá ti ń dúró lókè dìgírì 12, ẹ wá fún un ní seaweed tó fúyẹ́ tàbí amino acid (èròjà tí prótéènì ti ń wá), ìgbà yẹn ni ara ẹ̀ lè gbà á. Òdòdó tòmátì tó bá já nítorí òru tó wà lábẹ́ dìgírì 13, ẹ má bá a jà, òmíràn ń bọ̀.

Fún ọdún yìí, bí màá ṣe ṣe é tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní Leeds nìyí. Ìrì dídì ṣì lè bọ́ níbẹ̀ títí ìparí oṣù karùn-ún, torí náà ata rodo á wà lójú fèrèsé nínú ilé di oṣù kẹfà, ibi tó móoru jù nínú gíríìn háòsì ló máa bọ́ sí, kò ní rí ìta rárá. Tòmátì lè wọ gíríìn háòsì ní àárín oṣù karùn-ún, pẹ̀lú fleece lálaalẹ́ àti betaine tí òtútù bá ń bọ̀. Tẹ̀tẹ̀, ẹ dúró kí ilẹ̀ tó dìgírì 15, ẹ ki tẹmómítà bọ ilẹ̀ ní àárọ̀, kì í ṣe ní ọ̀sán. Ewédú ni kí ẹ fi sùúrù fún jù, ẹ gbìn ín ní oṣù kẹfà nínú gíríìn háòsì, ẹ má bẹ̀rù pé ó ti pẹ́, torí ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú ni ewédú ń sáré tanná, ọ̀sán gígùn ìlú òyìnbó ní oṣù kẹfà àti ìkeje á jẹ́ kó máa rúwé ṣáá, ẹ máa já a, títí di ìparí oṣù kẹjọ.